Àga tí a fowó ńlá ṣe bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́jọ: ta ló yẹ kó sanwó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ìkòròdú ni mò ń gbé, lápá Ìgbógbó. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo gbé iṣẹ́ àga fún káfíńtà kan ládùúgbò wa, àga onígun tó gba èèyàn méje. ₦850,000 ló kọ́kọ́ pè é, a ná an títí ó fi gbà á ní ₦650,000, láìka lẹ́dà mọ́ ọn. Èmi fúnra mi ni mo lọ ra lẹ́dà ní Muṣin kí owó lè dín kù. Òun ló ra pákó, fóòmù àti gbogbo ìyókù. Mo ti san ₦590,000, ó ku ₦60,000. Ní báyìí, lẹ́dà náà ń bó, ibi ìjókòó méjì ti rì, tí mo bá sì ń gbálẹ̀ lábẹ́ àga, ìyẹ̀fun funfun kan ni mò ń gbá. Mo pè é. Ó ní èmi ni mo ra lẹ́dà, pé àwọn ọmọ mi ló ń fò lórí fóòmù, pé ilé mi tó rin ló kó kòkòrò wọ igi. Ó tún ní mo rí i lára rìsíìtì pé kò sí ìdápadà owó. Ọkọ mi ní ká fi ọlọ́pàá mú un. Ta ló yẹ kó sanwó?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú ìdààmú o. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ná, àlàyé á tẹ̀ lé e. Owó igi, káfíńtà ni yóò san án. Owó fóòmù, òun náà ni, bí àyẹ̀wò tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe bá rí bí mo ṣe fura sí. Owó lẹ́dà tuntun, ọwọ́ yín ló ti máa jáde. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n máa fi bo àga náà padà, káfíńtà ló máa ṣe é láìgba kọ́bọ̀. Màá sọ ìdí rẹ̀ tí a bá débẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń san gbèsè tí wọn kò jẹ.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ bá mi bẹ ọkọ yín kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá sílẹ̀. Òfin ọlọ́pàá Nàìjíríà ti ọdún 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Yàtọ̀ sí òfin, ẹ wò ó dáadáa: owó tí ọkùnrin náà ì bá fi ra pákó tuntun fún yín ló máa bá béèlì lọ, tó bá sì jáde tán, kò ní fẹ́ fojú kan àga yín mọ́. Àga tí ẹ lè jókòó sí lẹ ń wá, ẹ má jẹ́ kí ìbínú gba ìyẹn lọ́wọ́ yín.

Iṣẹ́ àga ni mo fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti jókòó sáàárín oníbàárà àti oníṣẹ́ lórí irú ìjà yìí ju bí mo ṣe lè kà lọ. Ohun tó máa ń mú un pẹ́ nílẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ àga bíi pé odindi kan ni. Oníbàárà á ní, "Àga yìí ti bàjẹ́, dá owó mi padà." Oníṣẹ́ á wá ibì kan ṣoṣo tí ẹ̀bi rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, á sì fi bo gbogbo ìyókù mọ́lẹ̀. Ohun tí káfíńtà yín ń ṣe gan-an nìyẹn. Ó di ọ̀rọ̀ lẹ́dà mú ṣinṣin torí ó mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ rà á, ó wá sá sábẹ́ rẹ̀ nítorí pákó àti fóòmù tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ rà.

Ẹ tú àga náà palẹ̀ lọ́kàn yín. Lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè pé: ta ló yan èyí? Ta ló wà nípò láti mọ̀ pé kò dáa? Ẹni tó bá yan nǹkan ni yóò ru ẹrù rẹ̀, àfi tí ẹni tó mọ̀ jù ú lọ bá wà níbẹ̀, tó rí ewu, tó sì panu mọ́. Ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ aṣọ àga, níbi tí ojú oníbàárà kò lè dé, ọrùn oníṣẹ́ ló wà. Ìmọ̀ rẹ̀ lẹ sanwó fún, kì í ṣe ìṣó àti òòlù nìkan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìyẹ̀fun yẹn, torí òun ló léwu jù nínú gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́dà ló ń dùn yín jù. Ẹ dojú àga náà dé. Aṣọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí wọ́n kàn mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ rọra ṣí igun kan níbẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sínú. Ẹ máa rí egungun àga náà, pákó tí wọn kò fá dán, tí wọn kò kùn. Ẹ wo ara pákó náà. Tí ẹ bá rí àwọn ihò róbótó kéékèèké tí orí abẹ́rẹ́ lè wọ̀, tí ìyẹ̀fun sì dà sí ìdí wọn, ẹ bu díẹ̀ sórí ìka, kí ẹ fi àtàǹpàkò yí i. Bó bá kúnná bíi pọ́dà tí wọ́n ń kùn fún ọmọ tuntun, kòkòrò igi ni. Bó bá ní kóró wínníwínní tó ń ta lọ́wọ́, ikán tó ń gbé inú igi gbígbẹ ni. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀nà amọ̀ lẹ rí, tó gba ilẹ̀ tàbí ògiri wá sí ẹsẹ̀ àga, ikán ilẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ sì yí padà pátápátá: ilé yín ló ti wá, ẹ̀yin lẹ máa sanwó rẹ̀, ẹ sì tètè pe àwọn tó ń fín oògùn kó tó dé orí òrùlé.

Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, kòkòrò igi ló jọ. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní powderpost beetle. Ojú ihò wínníwínní inú pákó tí kò rí pólíìṣì ló ń yé ẹyin sí. Ìdin rẹ̀ á máa jẹ inú igi lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ojú ẹnikẹ́ni kò ní tó o. Ìgbà tó bá di kòkòrò tó ń fò ló tó ń lu ihò jáde, ìyẹ̀fun á wá máa dà sílẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ẹ ń gbá lónìí ti wà nínú igi náà tipẹ́ kí ẹ tó rí i, ó sì ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé láti ọ̀dọ̀ onípákó ló ti bá a wá. Igi funfun tó rọ̀, tí oúnjẹ pọ̀ nínú rẹ̀, ló fẹ́ràn: arère, àfàrà. Kódà nínú ìrókò àti apá, ẹ̀gbẹ́ funfun tó wà lẹ́bàá èèpo, ó máa ń jẹ ẹ́. Inú igi náà tó ṣókùnkùn ni kì í rí jẹ.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ "ilé yín ló rin" kò fi dúró. Mo mọ̀ pé ilé tó bá sún mọ́ ọ̀sà lọ́dọ̀ wa, láti Ìpákódò lọ dé Báyékù, ògiri rẹ̀ máa ń mu omi nígbà òjò. Mi ò bá a jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí kò nílò ilé tó rin kó tó ṣiṣẹ́, inú igi gbígbẹ gan-an ló ti ń jayé. Bó bá jẹ́ omi ló ba igi jẹ́, ẹ máa rí i: ẹsẹ̀ àga á dúdú láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, á rọ̀ tí ẹ bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́, á sì máa rùn. Tí ẹsẹ̀ bá gbẹ tó le, tí egungun inú wá ń dà bí ìyẹ̀fun, kò sí bí omi ṣe lè jẹ́ ẹlẹ́bi.

Gbogbo káfíńtà tó kọ́ṣẹ́ dé ojú àmì ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí igi funfun. Wọ́n máa ń fi oògùn igi kùn ún káàkiri, kí ó gbẹ, kí wọ́n tó kan aṣọ lé e. Àwọn kan á fi kóńdẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì ọkọ̀ kùn ún, èyí tí mi ò fẹ́ràn nínú ilé tí ọmọ ń gbé, ṣùgbọ́n ó ṣì sàn ju òfo lọ. Ẹni tó fi arère gbẹrẹfu ṣe egungun àga tó sì fi aṣọ bò ó, ó mọ ohun tó ń ṣe, àbí kó jẹ́ pé ó yẹ kó mọ̀. Tó bá fẹ́, kó padà lọ bá ẹni tó ta pákó fún un, yálà lọ́dọ̀ àwọn onípákó Òkòbàbà tí ìjọba Èkó kọ́ ibùdó tuntun fún ní Agbówà-Ìkòsí lọ́nà Ẹ̀pẹ́, tàbí ní ìsọ̀ pákó tó wà ní òpópónà kejì. Ìyẹn wà láàárín àwọn méjèèjì. Orúkọ yín kò sí nínú rìsíìtì pákó.

Ẹ má sì gbà kó kàn fi kẹrosíìnì tàbí oògùn ẹ̀fọn fọ́n ojú ihò wọ̀nyẹn kó ní iṣẹ́ ti parí. Ìdin tó wà nínú lọ́hùn-ún kò ní gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Pákó tí kòkòrò bá ti wọ̀, yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́, kí wọ́n fi òmíràn tó ti rí oògùn sípò rẹ̀, kí wọ́n sì kùn èyí tó kù. Ẹ tètè ṣe é pẹ̀lú, torí àwọn tó ti fò jáde ń wá igi mìíràn tí kò ní pólíìṣì nínú ilé yín.

Ó kan fóòmù. Ẹ gbé ìjókòó tó rì kúrò ná, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ibi tó dùbúlẹ̀ lé. Àwọn bẹ́líìtì tó ń fà ni wọ́n máa ń kàn síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé bẹ́líìtì ló já tàbí tó ti dẹ̀, fóòmù lè má ní ẹ̀ṣẹ̀ rárá, kíkàn ló kù díẹ̀ káàtó, ẹ̀bi oníṣẹ́ náà sì ni. Tí bẹ́líìtì bá le, ẹ ṣí zíìpù ìjókòó náà, kí ẹ yọ fóòmù jáde, kí ẹ wò ó. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti to fóòmù àjákù aláràbarà, pupa, aláwọ̀ ewé, funfun, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n wá fi fóòmù tuntun pẹlẹbẹ bo òkè àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ohun tí ẹ bá nínú zíìpù nìyẹn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Tó bá jẹ́ odindi kan, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja dídì tó ní sìkéèlì. Mi ò ṣàwàdà. Ìwúwo ni wọ́n fi ń mọ fóòmù tó dáa: iye kìlógíráàmù tí fóòmù tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan bá wọ̀n. Tí àwọn onífóòmù bá sọ pé density 18 tàbí 30, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Ká ní ìjókòó yín jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 ní ìbú, 60 ní gígùn, 15 ní nínípọn. Ẹ fi 0.6 sọ 0.6 di púpọ̀, kí ẹ tún fi 0.15 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ máa rí 0.054. Fóòmù 30 tó bá tó ìwọ̀n yẹn gbọ́dọ̀ wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 1.6. Ti 25 á jẹ́ nǹkan bíi 1.35. Ti 18 kò ní tó kìlógíráàmù kan rárá. Ẹ wọn tiyín, kí ẹ pín ìwúwo rẹ̀ sí 0.054 yẹn, tàbí iye tí ìwọ̀n tiyín bá fún yín, nọ́ńbà náà á sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Kí fóòmù náà gbẹ dáadáa o, kí ẹ sì ti yọ aṣọ rẹ̀ kúrò.

Fóòmù 18, ẹ̀yìn àga ló wà fún, níbi tí èèyàn kàn ń fara tì. Ẹni tó bá fi ṣe ìdí àga tí àgbàlagbà ń jókòó lé lójoojúmọ́ mọ̀ pé oṣù díẹ̀ ni yóò fi rì. Ní tèmi, mi ò ní fi ohun tó bá kéré sí 28 ṣe ìjókòó páálọ̀. Tí tiyín bá wọ 28 lọ sókè, ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ káfíńtà náà dáadáa, torí fóòmù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kì í dédé rì láàárín oṣù mẹ́jọ. Tí kò bá sì dé 22, ọ̀rọ̀ pé àwọn ọmọ ń fò kò wúlò fún un. Ilé tí ọmọ wà ni wọ́n ń ṣe àga páálọ̀ fún, ó sì rí àwọn ọmọ náà nígbà tó wá wọn yàrá.

Mo mọ ohun tó máa sọ tí ẹ bá gbé nọ́ńbà yìí síwájú rẹ̀. Á ní, "Mọ́mì, ₦850,000 ni mo pè é, ẹ̀yin lẹ ní ₦650,000. Fóòmù wo lẹ fẹ́ kí n fi owó yẹn rà?" Ẹ má fi ìbínú dá a lóhùn lórí èyí, torí òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí àwa oníbàárà àti oníṣẹ́ jọ sọ ọ́ síta. Ìnáwó pákó, fóòmù àti gọ́ọ̀mù ń lọ sókè lójoojúmọ́. Oníṣẹ́ tí ìnáwó ìyàwó àti owó ilé ìwé ọmọ ń dúró dè máa ń gba iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó, á ní kí owó ṣáà wọlé ná. Oníbàárà tó bá já ₦200,000 kúrò lórí iye tí oníṣẹ́ pè, kó mọ̀ pé ó ní láti ti ibì kan jáde.

Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti jáde ni káfíńtà gbọ́dọ̀ sọ. Ọ̀nà méjì tó mọ́ ló wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó lè ní, "Iye yìí kò ká a, mi ò lè ṣe é." Ó sì lè ní, "Ní iye yìí, fóòmù 18 ni màá fi sí i, ó lè rì kó tó pé ọdún, arère sì ni igi rẹ̀." Tó bá sọ ìyẹn, tí ẹ sì ní kó máa ṣe é lọ, ẹ̀yin lẹ yàn án, ẹ kò lè padà wá bá a. Èyí tí kò mọ́ ni pé kó gba ₦650,000, kó rẹ́rìn-ín, kó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ojúlówó ni màá ṣe fún yín," kó wá lọ yọ owó náà nínú egungun àti fóòmù níbi tí ojú yín kò tó. Ìdúnàádúrà yín dín èrè rẹ̀ kù ni. Kò fún un láṣẹ láti ta nǹkan mìíràn fún yín lábẹ́ orúkọ èyí tí ẹ jọ sọ. Nítorí náà, kí ẹ ro ó dáadáa kí ẹ tó pè é: ǹjẹ́ ó sọ fún yín lọ́jọ́ náà pé ohun tó máa fi ṣe é yí padà? Ẹ wo gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ àti ohùn tí ẹ jọ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Tí kò bá sọ ọ́, owó tí ẹ ná kò kan ìjà yìí.

Ó wá ku lẹ́dà. Èyí tí a ń tà lọ́jà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe awọ ẹran. Aṣọ ni, tí wọ́n da rọ́bà fẹ́lẹ́ kan bò lójú. Oríṣi rọ́bà tí wọ́n ń pè ní PU máa ń rẹwà, ó sì máa ń rọ̀ lára, ṣùgbọ́n ooru àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń tú u ká díẹ̀díẹ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá jókòó lé e. Tí èyí tí wọ́n ṣe kò bá dáa, tàbí tó ti pẹ́ nínú ìsọ̀ kí ẹ tó rà á, kì í pé ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ẹ wo ẹ̀yìn àga tó kọjú sí ògiri, ibi tí ọwọ́ kì í dé. Bó bá ń bó níbẹ̀ náà, lẹ́dà ọ̀hún ni kò dáa. Bó bá jẹ́ ibi orí àti apá nìkan ni, òógùn àti ìpara irun wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Èyíkéyìí tó bá jẹ́, kì í ṣe káfíńtà ló tà á fún yín. Ẹ̀yin lẹ yàn án, ẹ̀yin lẹ sì ní rìsíìtì rẹ̀, bí rìsíìtì bá wà. Tí lẹ́dà bá bó níbi tí ọwọ́ kì í dé, ẹni tó tà á fún yín ní Muṣin lẹ máa bá sọ̀rọ̀, ẹ sì mú ègé rẹ̀ dání lọ. Nǹkan kan ṣoṣo ló lè fa káfíńtà wọ ọ̀rọ̀ lẹ́dà: bó bá jẹ́ òun ló mú yín lọ sí ìsọ̀ náà, tàbí tó rí i kó tó gé e tó sì ní, "Èyí dáa, á pẹ́." Ìmọ̀ràn oníṣẹ́ ní ìwúwo. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìdajì-ìdajì ni màá pín owó lẹ́dà tuntun láàárín ẹ̀yin méjèèjì.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí mo ṣèlérí. Kò sí bí wọ́n ṣe lè yọ egungun tí kòkòrò jẹ láì ṣí aṣọ àga náà kúrò lára rẹ̀. Bí lẹ́dà yín ì bá tilẹ̀ ṣì ń dán, ṣíṣí ni wọ́n máa ṣí i, bíbò ni wọ́n sì máa tún un bò. Iṣẹ́ ṣíṣí àti bíbò yẹn jẹ́ ara àtúnṣe igi, àtúnṣe igi sì jẹ́ gbèsè káfíńtà. Nítorí náà, tí ẹ bá ra lẹ́dà tuntun tàbí aṣọ àga tó nípọn, èyí tí mo fẹ́ jù fún ilé tó sún mọ́ omi, òun ni yóò gé e, tí yóò rán an, tí yóò sì kàn án láìgba owó iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń sọ pé, "Ẹ kúkú mú lẹ́dà wá, kí ẹ sì mú owó iṣẹ́ wá, màá bá yín wo igi náà lọ́fẹ̀ẹ́." Yóò dà bíi pé ó ṣojú rere sí yín, ẹ ó sì ti sanwó àtúnṣe igi láìmọ̀. Owó ọkọ̀ tí wọ́n fi máa gbé àga lọ sí ṣọ́ọ̀bù àti èyí tó máa gbé e padà, òun náà ni.

Ní ti ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rìsíìtì pé kò sí ìdápadà owó, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó dáàbò bo oníbàárà, èyí tí wọ́n ń pè ní Federal Competition and Consumer Protection Act ti ọdún 2018, ní ọjà gbọ́dọ̀ wúlò fún ohun tí wọ́n rà á fún, kó má lábùkù, kó sì lálòpẹ́ fún ìwọ̀n àkókò tó bọ́gbọ́n mu. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ìlà kan lórí rìsíìtì gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ yín. Àjọ FCCPC tó ń mú òfin náà ṣẹ ti sọ ọ́ ní gbangba pé irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bófin mu. Òfin kò dárúkọ iye ọdún tó yẹ kí àga lò, ṣùgbọ́n kò sí adájọ́ tí oṣù mẹ́jọ máa tó lójú rẹ̀ fún egungun àga.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ má jẹ́ kí káfíńtà mìíràn fọwọ́ kan àga náà ná, torí ohun àkọ́kọ́ tí ti àkọ́kọ́ máa sọ ni pé ẹlòmíràn ló bà á jẹ́. Ẹ ya fọ́tò ihò, ìyẹ̀fun, inú zíìpù, àti fóòmù lórí sìkéèlì pẹ̀lú nọ́ńbà tó hàn. Kí ẹ wá kọ̀wé sí i, kì í ṣe ìpè, kí ó lè wà nílẹ̀. Mo lè bá yín kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Àga tí ẹ ṣe fún mi lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ti ní kòkòrò nínú egungun rẹ̀, ìjókòó méjì sì ti rì. Mo wọn fóòmù rẹ̀, iye tó wọ̀n nìyí, fọ́tò rẹ̀ nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó láàárín ọjọ́ méje. Mo fẹ́ kí ẹ pààrọ̀ pákó tí kòkòrò wọ̀ àti fóòmù tó rì, kí ẹ sì bò ó padà. Èmi ni màá ra lẹ́dà tuntun. ₦60,000 yín wà lọ́wọ́ mi, ẹ ó gbà á pé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí."

Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò ní kí ẹ béèrè gbogbo owó yín padà. Ẹ ti lo àga náà fún oṣù mẹ́jọ, apá kan nínú rẹ̀ ṣì dáa, owó náà kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Oníṣẹ́ tó gbọ́ "tún un ṣe" á wá. Èyí tó gbọ́ "dá ₦590,000 padà" á pa fóònù. Bí ó bá tún un ṣe tán tí ìyẹ̀fun tún bẹ̀rẹ̀ nínú pákó tuntun, ìgbà yẹn ni owó dídá padà tó kàn.

Tí ọjọ́ méje bá kọjá tí kò yọjú, ẹ wá alága ẹgbẹ́ káfíńtà tàbí ti ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe àga ládùúgbò yín. Ẹ má fojú kéré wọn. Oníṣẹ́ tí kò bẹ̀rù kọ́ọ̀tù máa ń bẹ̀rù kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá so èso, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó máa ń pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó láìgba owó kankan, wọ́n á sì kọ àdéhùn tí ẹ bá ṣe sílẹ̀ fún ìbuwọ́lùwé. LASCOPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń dáàbò bo oníbàárà, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìkẹjà, náà máa ń gba ẹ̀sùn oníbàárà.

Kọ́ọ̀tù ló kẹ́yìn. Láti ọdún 2018 ni Èkó ti ní kọ́ọ̀tù fún gbèsè kéékèèké lábẹ́ kọ́ọ̀tù májísíréètì, fún owó tí kò bá ju ₦5,000,000 lọ. Ẹ lè ro ẹjọ́ yín fúnra yín láìsí lọ́yà, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ kí ìdájọ́ lè wáyé láàárín 60 ọjọ́. Ṣùgbọ́n iye owó kan pàtó tó ti dájú ni kọ́ọ̀tù yẹn wà fún, kì í ṣe "ó bà mí lọ́kàn jẹ́". Ìdí nìyẹn tí ìwé àdéhùn fi ṣe pàtàkì: kí ó fọwọ́ sí i pé tí òun kò bá tún un ṣe títí di ọjọ́ báyìí, òun á san iye báyìí. Láti mọ iye náà, kí káfíńtà méjì mìíràn wá wò ó láìfọwọ́ kàn án, kí wọ́n kọ iye tí àtúnṣe igi àti fóòmù máa ná yín sórí ìwé, láìfi lẹ́dà kún un. Kọ́ọ̀tù á tún béèrè bóyá ẹ ti kọ́kọ́ fi ìwé béèrè owó náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ₦60,000 tó kù, ẹ di í mú, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti sọ fún un ní gbangba pé àtúnṣe ló ń dúró dè. Ohun tí kò dáa ni kí ẹ máa yí i po pé "màá fi ránṣẹ́ lọ́la", torí tí ọ̀rọ̀ bá délé ẹjọ́, ẹ̀yin lẹ máa wá dà bí onígbèsè. Lọ́jọ́ tó bá gbé àga dé, ẹ kọ́kọ́ ní kó ṣí aṣọ dúdú ìsàlẹ̀ kí ẹ rí pákó tuntun náà àti oògùn tó fi kùn ún, kí ẹ tún wọn fóòmù, kí ó kọ orúkọ igi àti nọ́ńbà fóòmù sẹ́yìn rìsíìtì pẹ̀lú déètì, kó fọwọ́ sí i. Kí ẹ wá san ₦60,000 náà fún un níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìyọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.